Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Àdí, Epo Pupa àti Òrí Ṣe Ọṣẹ Ìwẹ̀ Nílé

Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ọṣẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gbogbo epo kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Epo kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń fún ọṣẹ, ó sì ní ìwọ̀n kọ́sítíìkì, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà tó ń sọ epo di ọṣẹ, tó lè jẹ tán. Ẹni tí ọṣẹ ẹ̀ ń ta lára, tàbí tó ń yọ̀ lọ́wọ́ tí kò fẹ́ dì, kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n rò, wọ́n kàn kọ́ ọ pé kó bu kóńgò kọ́sítíìkì kan sí kẹ́ẹ̀gì epo kan, epo yòówù kó jẹ́, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn epo wa àti ohun tí wọ́n ń ṣe

Àdí, ìyẹn epo ekùrọ́, ló ń jẹ́ kí ọṣẹ hó. Ó kún fún ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní lauric, ó fẹ́ẹ̀ tó ìdajì ohun tó wà nínú ẹ̀, òun ló ń mú kí ọṣẹ hó yàà kó sì fọ ìdọ̀tí kúrò. Àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù, á fọ ọ̀rá ara gan-an dà nù, awọ á wá gbẹ, á máa yún èèyàn. Ọṣẹ ìfọṣọ tẹ́ẹ bá fi àdí nìkan ṣe, ó dáa, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ìwẹ̀, mi ò ní fi ju 400 gíráàmù lọ nínú kílò epo kan. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà o: èyí tí wọ́n dín ekùrọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó yọ epo, ó dúdú, ó sì ń rùn bí ohun tó jóná, àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún, òun yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́. Fún ọṣẹ ìwẹ̀ yìí ẹ lọ mú ti ẹ̀rọ, òórùn ti díndín yẹn máa ń bo sẹ́ńtì mọ́lẹ̀. Ẹ tọ́jú èyí tó dúdú fún ọṣẹ dúdú, ibẹ̀ ló dùn sí jù.

Epo àgbọn sún mọ́ àdí gan-an, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ó kàn wọ́n ju àdí lọ ni. Tẹ́ẹ bá ti ní àdí, mi ò rí ìdí tẹ́ẹ fi máa náwó sórí epo àgbọn nínú ọṣẹ tẹ́ẹ máa fi omi ṣan dà nù.

Epo pupa ló ń jẹ́ kí ọṣẹ le, kó sì pẹ́ lọ́wọ́, kó má yòrò sínú àwo ọṣẹ. Àwọ̀ ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọṣẹ jáde ní yẹ́lò tàbí àwọ̀ ọsàn, ó rẹwà, kì í sì í kun aṣọ tẹ́ẹ bá lò ó níwọ̀n. Àwọn kan máa ń gbé e sórí iná títí á fi ṣá, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe ìyẹn nínú ilé, epo á gbóná débi tó lè gbiná, èéfín ẹ̀ ò sì dáa fún àyà. Ẹ lò ó bó ṣe wà.

Òrí ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Nínú òrí, apá kan wà tí kọ́sítíìkì ò lè sọ di ọṣẹ rárá, á dúró bẹ́ẹ̀ nínú ọṣẹ, òun lẹ ń mọ̀ lára lẹ́yìn ìwẹ̀ pé awọ yín ò gbẹ. Ó tún ń jẹ́ kí fóòmù yẹn ki, kó má kàn hó lásán kó sì pòórá. Àwọn obìnrin Òkè Ògùn, ní Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti agbègbè wọn, ni wọ́n ń ṣe èyí tó dáa nílẹ̀ Yorùbá, ìyà tí wọ́n ń jẹ lórí ẹ̀ ò kéré: ṣíṣà, sísè, sísá, gígún, yíyan, lílọ̀, kó tó wá kan fífi ọwọ́ pò ó nínú omi títí òrí á fi léfòó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí tútù lọ sílẹ̀ òkèèrè fún oṣù mẹ́fà, kí iṣẹ́ ṣíṣe é lè máa wáyé nílé. Ẹ má ná ọjà wọn kọjá bó ṣe yẹ, tó bá dáa ẹ sanwó ẹ̀.

Òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà, a lè fi díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọṣẹ wọn máa ń rọ̀, wọ́n sì tètè máa ń kan, ẹ máa rí àwọn àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lára ọṣẹ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Epo lárà ń jẹ́ kí fóòmù pẹ́, 50 gíráàmù nínú kílò kan ti tó. Bọ́tà kòkó ń jẹ́ kó le, ó dáa fẹ́ni tó bá rí i rà.

Lọ́jà, kẹ́ẹ tó sanwó

Epo pupa tí wọ́n bu omi sí máa ń ta pàràpàrà tẹ́ẹ bá gbé díẹ̀ kaná, omi yẹn á da ìṣirò yín rú torí ẹ ti wọn omi mọ́ epo. Epo tó bá pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tó ń kun ọwọ́ bí aró, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n máa ń po dáì sí i, NAFDAC ti kìlọ̀ ẹ̀ léraléra. Fún òrí, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka àtàǹpàkò rà á. Òrí gidi á kọ́kọ́ dà bíi pé kò fẹ́ gbà, lẹ́yìn náà ooru ara yín á yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, á di epo tán láìsí hóró kankan, á máa rùn èéfín díẹ̀ àti òórùn èso. Tó bá ń dán tí kò ní òórùn kankan, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ nílé iṣẹ́ ni, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá ń gbọ́ òórùn kíkan, ẹ máa lọ. Èyí tó bá ní ìdọ̀tí díẹ̀, ẹ yọ́ ọ lórí iná jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, kẹ́ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ.

Kọ́sítíìkì wá ńkọ́? Ẹ ra èyí tó wà nínú ike tàbí àpò tí wọn ò tíì tú. Ọjà Ọ̀jọ́tà ní Èkó làwọn tó ń ta kẹ́míkà pọ̀ sí. Èyí tí wọ́n ń bù nínú àpò tó ti ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń dì sí nàílọ́ọ̀nù, ó ti ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra látàárọ̀, ó ti ń lẹ̀ mọ́ra, tẹ́ẹ bá wọn 100 gíráàmù ẹ̀, omi wà nínú ẹ̀, kọ́sítíìkì gidi ò pé 100 mọ́.

Ìṣirò ẹ̀ rèé, ẹ má fò ó

Síkéèlì lẹ máa fi wọn gbogbo nǹkan, títí kan omi. Kóńgò, ife, ìgò, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lítà epo kan kì í ṣe kílò kan, nǹkan bíi 920 gíráàmù ni, torí náà kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún ò ju kílò mẹ́rin àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pè é ní kílò márùn-ún ti fi kọ́sítíìkì tó pọ̀ jù sí i nìyẹn, ara àwọn tó bá fi wẹ̀ ló sì máa jìyà ẹ̀.

Ìwọ̀n kọ́sítíìkì tí 100 gíráàmù epo kọ̀ọ̀kan lè jẹ tán láìku nǹkan kan nìyí:

Àdí ekùrọ́: 17.6 gíráàmù
Epo àgbọn: 18.3
Epo pupa: 14.1
Bọ́tà kòkó: 13.7
Òróró ẹ̀pà: 13.6
Òrí: 12.8
Epo lárà: 12.8

Ẹ wo bí àdí àti òrí ṣe jìnnà síra wọn. Ẹni tó bá fi òrí rọ́pò àdí tí kò dín kọ́sítíìkì kù, ọṣẹ tó ń bó ara ló ṣe yẹn.

Èyí tá a fẹ́ ṣe báyìí, kílò epo kan ni: àdí 400 gíráàmù, epo pupa 400, òrí 200. Àdí á jẹ 70.4, epo pupa 56.4, òrí 25.6, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 152.4. Àmọ́ a ò ní fi gbogbo ẹ̀ sí i, a máa yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́ kù tí kò di ọṣẹ, òun ló máa dáàbò bo awọ. Ẹ fi í sí 144 gíráàmù kọ́sítíìkì. Omi 300 gíráàmù. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣe kílò méjì, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po méjì, tẹ́ẹ bá sì yí epo kan padà ẹ tún ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Omi kànga àti ti bohólù tó ní irin nínú máa ń jẹ́ kí ọṣẹ ní àbàwọ́n, píọ́ wọ́tà tàbí omi òjò tó mọ́ ló dáa.

Kẹ́ẹ tó tú kọ́sítíìkì

Mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ wọ gọ́gù sójú, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ìta tàbí ẹnu fèrèsé lẹ ti máa ṣe é. Ìkòkò alumíníọ́mù ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá, kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, á máa hó, á máa tú gáàsì tó lè gbiná jáde. Sítéńlẹ́ẹ̀sì tàbí ike tó nípọn tó lè gba ooru ló dáa.

Àti àwọn ọmọdé. Àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fọ́mọdé ní Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ọmọ tó rí omi kọ́sítíìkì nínú ife tàbí ike omi, tó gbé e mu torí ó jọ omi lásán, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ á bó, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí, kò ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Ẹ má bu kọ́sítíìkì sí ike omi tàbí ìgò míńírà láéláé, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má kúrò nídìí ẹ̀ tó bá wà nílẹ̀. Tírú ẹ̀ bá wá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má fún ọmọ lépo pupa mu, ẹ má jẹ́ kó bì, tó bá bì í á tún jó o padà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fọ ẹnu ẹ̀, kẹ́ẹ gbé e sáré lọ sọ́sípítù.

Tó bá ta sí yín lára, omi tó ń ṣàn ni, ẹ tú aṣọ tó wà níbẹ̀, ẹ máa da omi sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Wọ́n á ní kẹ́ẹ da fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ má gbà, omi ni. Tó bá kan ojú, ẹ máa fomi ṣan án, kẹ́ẹ sì gba ọsíbítù lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ á ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ wọn omi 300 gíráàmù sínú ike. Ẹ wọn kọ́sítíìkì 144 sínú àwo mìíràn, kẹ́ẹ wá máa da kọ́sítíìkì sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó. Kọ́sítíìkì ló ń wọ inú omi o, omi kì í wọ inú kọ́sítíìkì, tẹ́ẹ bá yí i padà á rú jáde lẹ́ẹ̀kan náà á ta sí yín lójú. Á gbóná gan-an fúnra ẹ̀ láìsí iná kankan, oru á máa jáde, ẹ gbé orí kúrò níbẹ̀. Tó bá ti mọ́ kedere ẹ jẹ́ kó tutù.

Láàárín ìgbà yẹn ẹ gbé òrí kaná jẹ́jẹ́ títí á fi yọ́, ẹ da àdí àti epo pupa sí i, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tá a ń retí ni kí epo àti omi kọ́sítíìkì jọ wà ní nǹkan bíi 40 sí 45 (ti Sẹ́lṣíọ́sì) lórí tẹmómítà. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ike méjèèjì níta, kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kó má jó yín lọ́wọ́. Tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ òrí á bẹ̀rẹ̀ sí í dì padà, ẹ máa rò pé ọṣẹ ti ń jinná, irọ́ ni.

Ẹ rọra da omi kọ́sítíìkì sínú epo, ẹ máa rò ó. Tẹ́ẹ bá ní búlẹ́ńdà ọlọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi rò ó lásán, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi orógùn rò ó, ó lè gbà tó wákàtí kan, ẹ pe ẹnìkan kẹ́ẹ jọ máa gba á lọ́wọ́ ara yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ epo á máa dán lójú ẹ̀, ẹ máa rí àwọn ìlà epo pupa tó yà sọ́tọ̀. Díẹ̀díẹ̀ àwọ̀ ẹ̀ á ṣí, dídán yẹn á lọ, á wá máa ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ gbé orógùn sókè kẹ́ẹ jẹ́ kó kán sínú ìkòkò padà: tí ẹ̀kán yẹn bá dúró lójú ẹ̀ kó tó rì, tẹ́ẹ lè fi kọ ìlà kan kẹ́ẹ sì rí ìlà yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó ti tó. Tẹ́ẹ bá dà á síbi tẹ́ẹ fẹ́ dà á sí ṣáájú ìgbà yẹn, epo á pínyà lókè, omi kọ́sítíìkì á wà nísàlẹ̀.

Ìgbà tó bá ti ki yìí gan-an lẹ máa fi àwọn èròjà mìíràn sí i, mo máa sọ ìyẹn nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dà á sínú àpótí pákó tẹ́ẹ ti tẹ́ nàílọ́ọ̀nù sí, èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, tó fẹ̀ ní 8, tó jìn ní 8 máa gba gbogbo ẹ̀. Páálí mílíìkì náà ṣeé lò. Ẹ gbá a nílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ fi tówẹ̀lì bò ó.

Ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kẹ́ẹ tó tú u, ẹ ṣì wọ ìbọ̀wọ́ o. Ẹ gé e, á fún yín ní bíi mẹ́wàá. Ẹ tò wọ́n sórí àkéte tàbí pákó níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, oòrùn ò gbọdọ̀ pa á, ẹ máa yí wọn padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọṣẹ yẹn á ti di ọṣẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tá a ń dúró dè ni kí omi inú ẹ̀ gbẹ kó lè le, kó sì rọ awọ lọ́rùn. Lásìkò òjò ó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oyin, osùn, ewé àti àwọn yòókù

Oyin dáa, ó ń fi kún fóòmù, ṣíbí ìjẹun kan ti tó fún kílò kan, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó. Ṣúgà inú ẹ̀ máa ń mú kí ọṣẹ gbóná, torí náà tẹ́ẹ bá fi oyin sí i ẹ má fi tówẹ̀lì yẹn bò ó, á rú jáde láàárín ẹ̀. Osùn lílọ̀, ṣíbí kan sí méjì, ó ń fún un láwọ̀, ó sì ń họ ara jẹ́jẹ́. Ata ilẹ̀ pupa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé dongoyárò àti efinrin, ẹ sá wọn gbẹ kẹ́ẹ lọ̀ wọ́n kúnná, tàbí kẹ́ẹ rẹ wọ́n sínú àdí fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ẹ sẹ́ ẹ, èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fara mọ́. Ewé tútù tẹ́ẹ bá gún sí i á jẹrà, àwọ̀ ewé yẹn á sì di ti ilẹ̀ tí kò dùn-ún wò láàárín oṣù kan.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí gbogbo èèyàn ń fún sínú ọṣẹ, ásíìdì ni, kọ́sítíìkì ló ń bá jà, kò sí ohun tó ń ṣe fún awọ mọ́ tó bá ti wọ inú ọṣẹ, ìṣirò yín ló ń bàjẹ́. Fún sẹ́ńtì, 20 sí 30 gíráàmù, ẹ ra sẹ́ńtì ọlọ́ṣẹ, páfúùmù aláfọ́nsára ní ọtí nínú, ó lè jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gan lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìkòkò.

Àwọn tó máa ní kẹ́ẹ fi èròjà tó ń bóra sí i kó lè tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Mákúrì, ọ̀kan lára àwọn èròjà yẹn, ń ba kíndìnrín jẹ́, NAFDAC ò fàyè gbà á nínú ọṣẹ, ọmọ inú oyún pàápàá ń jìyà ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọṣẹ dúdú lẹ fẹ́

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sí kọ́sítíìkì níbẹ̀. Èèpo kòkó tó gbẹ, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tàbí ìdì ẹyìn tó ti ṣófo ni wọ́n ń sun di eérú, wọ́n á kó o sínú ìkòkò onihò, wọ́n á da omi lé e, omi tó bá ń kán jáde nísàlẹ̀ ni wọ́n á gbé kaná títí á fi ki tàbí kó gbẹ. Pọ́táṣì ló wà nínú eérú yẹn, ìyàtọ̀ ẹ̀ sí kọ́sítíìkì nìyẹn, ìdí tí ọṣẹ dúdú fi máa ń rọ̀ tó sì ń fa omi mọ́ra nìyẹn. Wọ́n á wá pò ó mọ́ àdí lórí iná, wọ́n á máa rò ó fún wákàtí gígùn títí á fi ṣù. Eérú ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá kì í lágbára bákan náà, torí náà ìṣirò òkè yẹn ò ṣiṣẹ́ níbí, ẹ wá ìyá kan tó ti ṣe é pẹ́, kẹ́ẹ jókòó tì í.

Tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ

Tẹ́ẹ bá fi ahọ́n kan ọṣẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó ta yín bí iná mànàmáná, kọ́sítíìkì ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ iye tó lé, ẹ rin ọṣẹ yẹn, ẹ fi omi díẹ̀ àti epo tó máa jẹ èyí tó lé yẹn tán sí i, kẹ́ẹ sè é lórí iná kékeré nínú sítéńlẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi fọ ilẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Eérú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ọṣẹ kì í ṣe nǹkan kan, ẹ họ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ pé ó rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, omi tàbí òróró ló pọ̀ jù, ẹ fi sílẹ̀ kó pẹ́ sí i.

Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ẹ ṣe é àti gbogbo ìwọ̀n tẹ́ẹ lò sínú ìwé kan ní gbogbo ìgbà, ẹ tún kọ ibi tẹ́ẹ ti ra epo yẹn. Tẹ́ẹ bá fẹ́ máa tà á, NAFDAC lẹ máa lọ bá fún nọ́ńbà, ìwé yẹn á sì wúlò fún yín níbẹ̀, torí wọ́n máa béèrè ohun tó wà nínú ọṣẹ yín.